Bí Ilé Kò Bá Kan Ilé: Ẹ̀jẹ̀ Dídì àti Ara Wíwú

Ní etíkun Massachusetts, ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹranko kan wà tí wọ́n ń pè ní horseshoe crab. Akàn ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n alántakùn àti àkéekèé ló bá tan jù. Igbá líle ló bo ẹ̀yìn rẹ̀, ìrù rẹ̀ gùn ṣóńṣó, irú rẹ̀ sì ti wà láyé láti ohun tó lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pupa. Bí omi aró ló rí, nítorí pé bàbà ló ń ṣe nínú rẹ̀ iṣẹ́ tí irin ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa.

Ní àwọn ọdún 1950, Frederik Bang, oníṣègùn láti yunifásítì Johns Hopkins, máa ń lọ sí ilé ìwádìí tó wà ní Woods Hole létí òkun náà. Ó ń fa bakitéríà inú omi òkun sí àwọn akàn yìí lára kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń bá àrùn jà. Irú bakitéríà kan wà tó jẹ́ pé akàn tó bá gbà á sára kì í pẹ́ kú. Nígbà tí Bang yẹ òkú wọn wò, ẹ̀jẹ̀ inú wọn ti dì gbagidi bí ẹ̀kọ tó ti sùn mọ́jú. Yàtọ̀ sí ojú abẹ́rẹ́, kò sí ọgbẹ́ kankan lára wọn. Kí ló wá mú ẹ̀jẹ̀ dì?

Bang kọ ohun tó rí jáde ní 1956. Nígbà tó fi máa di 1964, òun àti Jack Levin, dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ dunjú, ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Irú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo inú ẹ̀jẹ̀ akàn yìí. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti fara kan májèlé tó wà lára awọ bakitéríà, bó ti wù kó kéré tó, á tú èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jáde, ẹ̀jẹ̀ á sì ká kòkòrò mọ́ ibi tó gbà wọlé. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnubodè náà ló tún ń mọ ògiri tó bá wó. Ní 1977, ìjọba Amẹ́ríkà fàṣẹ sí i pé kí àwọn tó ń ṣe oògùn máa fi ẹ̀jẹ̀ akàn náà yẹ abẹ́rẹ́ àti omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára wò, kí májèlé bakitéríà má baà wà nínú rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ehoro ni wọ́n máa ń fa oògùn sí lára, tí wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ bóyá ara rẹ̀ á gbóná.

Ènìyàn kò ní irú sẹ́ẹ̀lì aláṣepọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ara tiwa, iṣẹ́ ti pín. Àwọn wúnrẹ́n tíntìntín kan tó ń jẹ́ platelet, pẹ̀lú èròjà purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀, ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ló ń bá kòkòrò jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn: ìwé ọ̀tọ̀, olùkọ́ ọ̀tọ̀, kíláàsì ọ̀tọ̀. Àmọ́ ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, wọn kò sì gbàgbé ara wọn. Bí ọ̀kan bá figbe ta, èkejì á dìde. Àwọn àgbà ní bí ilé kò bá kan ilé, kì í jó àjóràn. Ògiri kan ṣoṣo ló la àárín ilé méjèèjì yìí, ọ̀pọ̀ nínú àìsàn tó ń pa wá ló sì jẹ́ iná tó ti ọ̀kan ràn dé èkejì.

Ìwúlé ni àròkọ yìí máa pe ìjà tí sẹ́ẹ̀lì funfun ń jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ju wíwú lásán lọ. Nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn ni Celsus, ọmọ Róòmù, ti to àmì rẹ̀ sílẹ̀: ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, á sì máa ro. Ẹni tí eéwo bá ti so lára rí mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà níbẹ̀ ló fẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè rọ́ wá, ìdí nìyẹn tó fi pọ́n tó sì gbóná. Ògiri iṣan náà á wá tú díẹ̀, kí omi ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì funfun lè gba àárín rẹ̀ bọ́ sójú ìjà, ibẹ̀ á sì wú. Ríro rẹ̀ wá láti ara omi tó há síbẹ̀ àti èròjà tó ń ta ara.

Èwo ló ń ṣáájú, ìwúlé ni àbí ẹ̀jẹ̀ dídì? Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Ní Paris, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀jọ̀gbọ́n Jean Cruveilhier gbà pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ni gbòǹgbò gbogbo àrùn: iṣan á kọ́kọ́ wú, ẹ̀jẹ̀ á wá dì nínú rẹ̀. Rudolf Virchow, ọ̀dọ́ dókítà ní ilẹ̀ Jámánì, kò gbà. Ó la òkú wò títí, ó sì rí i pé ìṣù ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dí iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró kì í sábà dì síbẹ̀. Inú iṣan ẹsẹ̀ tàbí ti ìbàdí ló ti ń dì, tí á já, tí ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e gba inú ọkàn kọjá lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ìwé ńlá tó tẹ̀ jáde ní 1856, Virchow ní ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dì, iṣan á wá wú tẹ̀ lé e. Ohun mẹ́ta tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ni àwọn dókítà ṣì ń há sórí títí dòní: ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn bó ti yẹ, ògiri iṣan tó bàjẹ́, àti ẹ̀jẹ̀ tí ara rẹ̀ ti yá jù láti dì.

Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ báyìí kò ṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lápá. Èyí lè ṣáájú, ìyẹn náà sì lè ṣáájú. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló ń ránṣẹ́ pe èkejì.

Ká wo bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ náà. Ọ̀bẹ ya ìka ẹni tó ń rẹ́ ilá. Lẹ́yìn ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé, èròjà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ tissue factor. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá fojú kàn án, ó ti mọ̀ pé ògiri ti ya nìyẹn. Ní kíá, èròjà mìíràn, thrombin, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé fibrinogen tó ti yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á sọ ọ́ di okùn fibrin tín-ín-rín, bí ìgbà tí ìyá arúgbó bá ń ran òwú. Platelet á há sáàárín okùn náà, ihò á sì dí. Ara àgbàlagbà kan ń ṣe nǹkan bí 100 bílíọ̀nù platelet lójúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sì lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ láyé.

Àmọ́ thrombin kò dúró síbi dídí ihò. Ó tún ń lọ kan ilẹ̀kùn ara ògiri iṣan, ó ń sọ fún un pé kó pe sẹ́ẹ̀lì funfun. Platelet náà á na ọwọ́ kan jáde, P-selectin lorúkọ rẹ̀, ọwọ́ yìí ló sì fi ń di sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń kọjá mú. Ọ̀nà kejì náà là gbangba: sẹ́ẹ̀lì funfun tó bá pàdé bakitéríà lè gbé tissue factor sórí ara tirẹ̀, kí ó sì mú ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò sí ọgbẹ́ rárá. Ó jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akàn Woods Hole.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Max Planck ní Berlin, tí Volker Brinkmann àti Arturo Zychlinsky ṣíwájú wọn, rí ohun tó ya gbogbo ayé sáyẹ́ǹsì lẹ́nu. Irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó ń jẹ́ neutrophil lè tú DNA inú ara rẹ̀ síta, kí ó tẹ́ ẹ bí àwọ̀n apẹja, kí ó sì fi kó bakitéríà. Ní 2010, àwọn onímọ̀ mìíràn ní Boston fi hàn pé platelet àti sẹ́ẹ̀lì pupa náà ń há sínú àwọ̀n yẹn, ẹ̀jẹ̀ á sì dì lé e. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Bernd Engelmann àti Steffen Massberg, ní ìlú Munich, fún ìjà àjọjà yìí lórúkọ: immunothrombosis. Wọ́n ní ìṣù ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń dì nínú iṣan tín-ín-rín nígbà àrùn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ògiri ni, tí ara ń mọ ká kòkòrò mọ́ kó má baà tàn kálẹ̀. Ìgbà tí mímọ ògiri náà kò bá dúró mọ́ ni wàhálà ń dé.

Àyẹ̀wò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe rí láìmọ ohun tó ń wò dúró lórí ìbátan yìí. ESR ni wọ́n ń kọ sórí ìwé láàbù. Wọ́n á bu ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á gbé e nàró fún wákàtí kan, wọ́n á sì wo bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe yára rì sísàlẹ̀ tó. Ara tí ìwúlé wà nínú rẹ̀ máa ń ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ pé kí ó ṣe fibrinogen sí i, kí ohun èlò ẹ̀jẹ̀ dídì má baà tán bí ìjà bá le. Fibrinogen tó pọ̀ yìí ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa máa lẹ̀ mọ́ra bí owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò lérí ara wọn, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì yára rì. Èròjà ẹ̀jẹ̀ dídì ni láàbù fi ń mọ̀ pé ìwúlé wà lára.

Nínú àwọn àìsàn tí iná ti ń ràn láti ilé kan dé èkejì, ibà ni àpẹẹrẹ tó kan ilé wa jù. Nàìjíríà nìkan ló ń ru nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà ẹ̀fọn tó ń ṣẹlẹ̀ lágbàáyé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bá a lọ. Kòkòrò Plasmodium falciparum máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ń ṣàn kiri bó ṣe yẹ, yóò débi tí ara ti ń ṣa sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ dànù. Kòkòrò kò fẹ́ débẹ̀. Ó máa ń mú kí ìkọ́ yọ lára sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì fi ìkọ́ náà so rọ̀ mọ́ ògiri iṣan.

Kí ni ìkọ́ náà ń so mọ́? Ní 2013, àwọn onímọ̀ tó yẹ kòkòrò tó wà lára àwọn ọmọdé ní Tanzania wò rí ìdáhùn fún irú ibà tó le jù. Èèkàn kan wà lára ògiri iṣan tí wọ́n ń pè ní EPCR. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún ni pé kó di èròjà kan tó ń jẹ́ protein C mú, kí èròjà náà lè jí, kí ó sì máa sọ fún ẹ̀jẹ̀ pé kó má dì, kí ó tún máa sọ fún iṣan pé kó fara balẹ̀. Èèkàn kan náà ló mú àlàáfíà ilé méjèèjì dání. Òun gan-an sì ni kòkòrò ibà wá so ara rẹ̀ mọ́, tí kò sì jẹ́ kí protein C ráyè.

Lọ́dún kan náà, Christopher Moxon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Blantyre, ní orílẹ̀-èdè Malawi, yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ tí ibà tó wọ orí ti pa wò. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì oníkòkòrò ti so rọ̀, èèkàn ti tán níbẹ̀, okùn fibrin sì ti dì sí iṣan. Ìwádìí náà tún tú àṣírí mìíràn: nínú gbogbo ẹ̀yà ara, ọpọlọ wà lára ibi tí èèkàn yìí kò pọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Èyí tí kòkòrò gbà nínú ẹsẹ̀, ara lè fara dà á. Èyí tó gbà nínú ọpọlọ, kò sí àfirọ́pò rẹ̀.

Bí ọmọ bá wá ń gìrì, tí ojú rẹ̀ ń yí, tí kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́, nígbà mìíràn ohun tó ń lọ lábẹ́ agbárí rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo gìrì ló jẹ́ ibà tó wọ ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fojú lásán dá wọn mọ̀ yàtọ̀ nílé. Ìtọ̀ màlúù tí wọ́n máa ń pò mọ́ ewé fún ọmọ tó gìrì nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, tí àwọn kan ṣì ń lò, kò lè tú sẹ́ẹ̀lì tó so rọ̀. Àwọn dókítà ọmọdé ní Ìbàdàn ti kọ̀wé láti ọ̀pọ̀ ọdún nípa bó ṣe ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ sí i. Abẹ́rẹ́ artesunate ló ń pa kòkòrò náà kíákíá, wákàtí tí ọmọ fi pẹ́ kó tó gbà á sì ṣe pàtàkì.

Ẹnì kan lè béèrè pé, bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dì, ṣé oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò ní tó? Wọ́n ti dán an wò. Heparin, tí Jay McLean, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Johns Hopkins, bá pàdé nínú ẹ̀dọ̀ ajá ní 1916, ni wọ́n lò fún àwọn aláìsàn ibà líle nígbà kan. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára àwọn aláìsàn, nítorí pé platelet wọn ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i fún ibà.

Àìsàn kejì tó yẹ ká dúró lé lórí ni èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde, ìyẹn àìsàn àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí àwọn ọmọ tó ní in tó Nàìjíríà. Nígbà tí James Herrick kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní Chicago ní 1910, láti inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá kẹ́kọ̀ọ́ láti erékùṣù Grenada, ìrísí sẹ́ẹ̀lì pupa tó tẹ̀ bí dòjé ló gbàfiyèsí rẹ̀. Láti ìgbà náà, àlàyé tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ á há sínú iṣan bí igi tó dábùú omi, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́ kù.

Sẹ́ẹ̀lì oní-SS tètè ń bẹ́. Èròjà pupa inú rẹ̀ á dà sínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa gbé nitric oxide mì, èyí tí iṣan fi ń fẹ̀ tó fi ń balẹ̀. Ògiri iṣan á bínú, á na ọwọ́ P-selectin jáde. Sẹ́ẹ̀lì funfun á lẹ̀ mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń kọjá á lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun, platelet á dara pọ̀, àyè á sì há. Nítorí náà, kí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ tó há, ìwúlé ti tẹ́ pańpẹ́ dè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí sẹ́ẹ̀lì funfun wọn pọ̀ jù fi máa ń ṣàìsàn jù nínú àwọn oní-SS, ìdí náà sì nìyẹn tí ikọ́ tàbí ibà kékeré fi lè di kíráísìsì tó ń gbé ènìyàn dé ọsibítù. Kódà lọ́jọ́ tí ohunkóhun kò dùn wọ́n, àyẹ̀wò á fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń dì díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tú. Àwọn ẹbí tó máa ń bínú sí ọmọ pé "ó tún ti bẹ̀rẹ̀" ṣe ohun tó dunni. Ara ọmọ náà kò fìgbà kan sinmi.

Hydroxyurea, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àìsàn yìí ní 1998, ń mú kí irú èròjà pupa tí ọmọ inú oyún ń lò pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì kò sì ní tètè tẹ̀. Ó tún ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù, èyí sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Oògùn mìíràn, crizanlizumab, ń di ọwọ́ P-selectin náà mú tààrà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019 pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò rí àǹfààní tí ti àkọ́kọ́ rí, ilẹ̀ Yúróòpù sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ padà ní 2023. Ọ̀nà tí ilé méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ju ẹyọ kan lọ, bí wọ́n bá ti ọ̀kan, wọ́n lè máa gba òmíràn.

Ọdún 2020 ló wá sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà wà ní ìpínlẹ̀ Èkó ní òpin oṣù kejì ọdún náà. Àrùn èémí ni wọ́n pè é. Kò pẹ́ rárá tí àwọn dókítà Netherlands fi kígbe: nínú aláìsàn 184 tó wà nínú yàrá ìtọ́jú àwọn tó le jù ní ọsibítù mẹ́ta, nǹkan bí ìdá 31 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹsẹ̀ tàbí ọpọlọ wọn, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ń gba oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nígbà tí àwọn mìíràn fi ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí kòrónà pa wé ti àwọn tí ọ̀fìnkìn flu pa, ìṣù ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú iṣan tín-ín-rín ti kòrónà fi ìlọ́po mẹ́sàn-án ju ti flu lọ. Ara ti ń mọ ògiri, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Oṣù kẹfà ọdún náà ni ìwádìí RECOVERY, tí yunifásítì Oxford darí, kéde pé dexamethasone, oògùn olówó pọ́ọ́kú tó ń pa iná ìwúlé, dín ikú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Ìwádìí kan náà wá gbé aspirin wò lára nǹkan bí 15,000 aláìsàn. Aspirin kò dín ikú wọn kù.

Aspirin fúnra rẹ̀ yẹ fún ìtàn. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń tà á fún ibà àti ara ríro, oògùn ìwúlé ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ní California, dókítà kan tó ń jẹ́ Lawrence Craven máa ń fún àwọn tó gé tọ́ńsìlì fún ní ṣingọ́ọ̀mù tí aspirin wà nínú rẹ̀ kí ọ̀fun má baà dùn wọ́n. Ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jẹ ẹ́ jù kì í tètè dá. Ó rò ó pé, oògùn tó lè mú ẹ̀jẹ̀ máa ya lè jẹ́ oògùn tí kò ní jẹ́ kó dì sí ọkàn. Ó sọ ọ́ nínú àwọn ìwé tó kọ ní àwọn ọdún 1950, àwọn ènìyàn kò sì kà á sí. Ọdún 1971 ni John Vane, ní London, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé aspirin kì í jẹ́ kí ara ṣe èròjà tó ń jẹ́ prostaglandin. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Láti inú ìdílé èròjà yìí ni ìwúlé ti ń gba iná, ibẹ̀ náà ni platelet ti ń gba àṣẹ pé kí ó so pọ̀. Níwọ̀n bí platelet kò ti lè ṣe èròjà tuntun rọ́pò èyí tí aspirin bàjẹ́, ìwọ̀nba kékeré lójúmọ́ ti tó láti dá a lẹ́kun títí ọjọ́ ayé rẹ̀ á fi pé.

Ohun tó yẹ kí àwọn tó ń ra àpòpọ̀ oògùn ara ríro ní kẹ́míìsì mọ̀ nìyí. Oògùn tó ń pa ìrora orúnkún ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Aspirin lè mú kí ọgbẹ́ inú máa ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Diclofenac, tí wọ́n ń tà bí ẹ̀pà, lè dá kún ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ọkàn ẹni tó bá ń lò ó lálòpẹ́. Ẹ̀rù wọn kò yẹ kó bani, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà mọ̀ pé ẹnì kan ń lò wọ́n.

Àwọn mìíràn ti gbìyànjú láti bá ilé méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Protein C tí ó ti jí, èyí tí kòkòrò ibà kì í jẹ́ kó ráyè, ni wọ́n sọ di oògùn tí wọ́n pè ní Xigris, fún àwọn tí àrùn ti tàn ká gbogbo ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 2001, ìwádìí kan tó kó 1,690 aláìsàn jọ fi hàn pé ikú lọ sílẹ̀ láti bí ìdá 31 sí bí ìdá 25 nínú 100. Àwọn dókítà yọ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n tún un dán wò, kò yàtọ̀ sí omi lásán, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sì kó o kúrò lórí àtẹ ní 2011.

Níbi àrùn ọkàn ni ìrètí wà díẹ̀. Ọ̀rá tó ń dì sára iṣan ọkàn kì í sábà dí i pátápátá fúnra rẹ̀. Ìwúlé inú ọ̀rá náà ló ń mú kó bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dì lé ojú ibi tó bẹ́. Ní 2017, Paul Ridker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí wọn jáde: lára ohun tó lé ní 10,000 ènìyàn tí àrùn ọkàn ti kọ lù rí ni wọ́n ti dán oògùn kan wò, tó ń dín ìwúlé kù láìfọwọ́ kan ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, tí kò sì fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ dídì. Láàárín àwọn tó gba ìwọ̀n àárín, ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú àrùn ọkàn dín kù ní ìdá 15 nínú 100. Àwọn kan sì kú, nítorí kòkòrò àrùn ráyè wọlé nígbà tí ọdẹ ń sùn. Colchicine, oògùn àtijọ́ fún orúnkún àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ń wú, gba àṣẹ fún àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà ní 2023. Nígbà tó di 2024, ìwádìí ńlá mìíràn kò rí àǹfààní kan lára rẹ̀ fún àwọn tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù. Ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń bá a jìjàkadì, ẹsẹ̀ kan wà nílé kan tó wú mọ́jú. Ó lè jẹ́ ti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ti bàbá tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti Èkó dé Sókótó, tàbí ti ẹni tó ti dùbúlẹ̀ ní ọsibítù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, ojúgun rẹ̀ pọ́n, ó wú, ó gbóná, ó ń ro. Àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Celsus kọ sílẹ̀ nìyẹn, lórí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Wọ́n á ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Wọ́n á fi omi gbígbóná jó o, wọ́n á pò òrí, ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ le á jókòó tì í, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ láti kókósẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lú ìfẹ́. Wíwọ́ yìí lè já ìṣù ẹ̀jẹ̀ náà, ọ̀nà tí Virchow rí ni yóò sì gbà, láti ẹsẹ̀ dé ọkàn, láti ọkàn dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí èémí ẹni náà bá wá dédé ń há, tí àyà ń dùn ún nígbà tó bá mí sínú, ó ti débẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ náà. Kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo iṣan, ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń wo aboyún. Wọ́n á fi wo inú iṣan itan àti orúnkún, láìlo abẹ́rẹ́, láìlo ọ̀bẹ, wọ́n á sì rí i bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kọjá níbẹ̀.